Yíyan Nọ́ńbà Ọ́ìlì fún Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ ní Hanwa

Bí ọkọ̀ bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Hanwa tàbí ní Kwangila ní Zaria pé ẹ fẹ́ pàrọ̀ ọ́ìlì, ìdáhùn tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé kí ẹ lọ ra 20W-50. Wọn kò ní fa gééjì yọ wò, wọn kò ní bi yín bóyá ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì, wọn kò sì ní wo ohun tí wọ́n kọ sára ọmọrí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí. Ọkọ̀ ti gbó, nítorí náà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ki, àlàyé parí. Àwọn kan sì wà, pàápàá àwọn tó fẹ́ràn ìwé, tí wọ́n gbà pé nọ́ńbà tó wà lára ọmọrí yẹn ni òfin, pé ẹni tó bá yà kúrò lórí rẹ̀ ti ba ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì kò wo ẹ́ńjìnì tó wà níwájú wọn. Nọ́ńbà tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ kọ sílẹ̀ ni ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bá mú wá nìkan ló lè ṣí wa kúrò níbẹ̀, bí a bá sì máa ṣí, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni. Kí ọkọ̀ tó ń lo 5W-20 lánàá máa mu 20W-50 lónìí kì í ṣe ìtọ́jú, àfẹnusọ ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ ná. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní SAE ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 1911, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, èyí tí W tẹ̀ lé, dá lórí òtútù. Wọ́n máa ń dán 20W wò ní ìwọ̀n Celsius 15 nísàlẹ̀ òdo, 10W ní 25 nísàlẹ̀ òdo, 5W ní 30 nísàlẹ̀ òdo, láti mọ̀ bóyá sítátà á ṣì lè yí ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà kejì dá lórí ooru: wọ́n á mú ọ́ìlì gbóná dé ìwọ̀n 100, wọ́n á wá wo bó ṣe ń ṣàn sí. Lórí òṣùwọ̀n centistoke, èyí tó bá bọ́ sáàárín 9.3 sí 12.5 ni 30, 12.5 sí 16.3 ni 40, 16.3 sí 21.9 ni 50. Èyí ni pé nínú ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, 50 lè ki tó ìlọ́po méjì 30. Ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé 5W-30 á ṣàn láàárọ̀, á wá ki bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Kò sí ọ́ìlì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣàn sí i bí ooru bá ti ń mú wọn, bí epo pupa tó dì sínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́ ṣe máa ń yọ́ bí oòrùn bá ti là. Ìyàtọ̀ wà nínú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yí padà tó. Ní ìwọ̀n 40, 20W-50 tó wà lọ́jà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 160 centistoke, nígbà tí 5W-30 kò ju nǹkan bíi 60 lọ.

Ojú ọjọ́ Zaria kò jọ ti Èkó, ó sì yẹ kí ẹni tó gbé ìmọ̀ràn ọ́ìlì wá láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú rántí. Lóṣù December àti January, òwúrọ̀ lè tutù dé ìwọ̀n 13 tàbí kó tilẹ̀ relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀; lóṣù April, ọ̀sán lè gun 38. Ẹni tó fẹ́ jiyàn á sọ pé òtútù Zaria kò dé òdo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti 15 nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà 20W ti tó. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní tìtorí àtijàre bò ó mọ́lẹ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò lágbára ní Hanwa bó ṣe lágbára ní Jámánì, kò sì sí ẹ́ńjìnì tó máa nọ́ọ̀kì ní Zaria torí 20W nìkan. Àmọ́ ohun tí ìdánwò yẹn ń béèrè ni bóyá sítátà á yí ẹ́ńjìnì. Kò béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó kí ọ́ìlì tó gun òkè dé ibi tápẹ́ẹ̀tì. Ní òwúrọ̀ oníwọ̀n 13, 20W-50 ki tó bí ìlọ́po mẹ́ta 5W-30. Ìró kà-kà-kà tí ẹ máa ń gbọ́ bí ẹ bá tan ọkọ̀ lọ́wọ́ ọyẹ́, tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìgbà tí ọ́ìlì ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́ìlì máa ń pẹ́ kó tó gbóná ju omi rédíétọ̀ lọ. Ẹni tó kàn ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó yà ní ọjà Sabon Gari, tó sì padà sílé ní Hanwa, lè dé ilé kí ọ́ìlì rẹ̀ tó gbóná tán. Gbogbo ìrìn rẹ̀ ló ń rìn lórí ọ́ìlì tó ki, owó bẹntiróòlù ló sì fi ń san án. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó tún ń gbé ọkọ̀ sun ìta, 10W tàbí 5W ló dáa jù. Ẹni tó jẹ́ pé Kano àti Kaduna ló ń ná lójoojúmọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín 10W àti 15W.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí sáré lọ ra 5W-50 pé ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì kó má baà ṣàn jù ṣe ń pọ̀ tó, èròjà yìí gan-an sì ni ẹ́ńjìnì máa ń gé wẹ́wẹ́ bó bá ti ń lò ó. Níbi tí ọ́ìlì náà bá ti jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, 50 tí ẹ rà lè má jẹ́ 50 mọ́ kí ẹ tó pàrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà kejì ni ọ̀rọ̀ wà jù. Àtakò tó wọ́pọ̀ níbí ni pé ìwé òyìnbó ni ìwé ọkọ̀, pé ìlú olótùútù ni wọ́n kọ ọ́ fún, ooru ilẹ̀ Hausa kò sì sí nínú ìṣirò wọn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀yà kékeré kan tó ń jẹ́ tẹmọ́sítáàtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí omi rédíétọ̀ yí ká títí á fi gbóná dé nǹkan bíi 82 sí 90, kó sì wá ṣí. Yálà ọkọ̀ wà ní Jámánì tàbí ní Hanwa, ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì ń wá láti dúró sí. Bí rédíétọ̀ bá mọ́, tí fáànù ń ṣiṣẹ́, ooru ìta kò ní sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ibi tí ooru April ti máa ń jà ni ìgbà tí ẹ bá kó ẹrù, tí ẹ tan éè-sì, tí ẹ sì ń sáré lọ sí Kano lọ́sàn-án gangan. Nígbà náà, ìṣísẹ̀ kan sókè lórí nọ́ńbà kejì ní làákàyè nínú. Ṣùgbọ́n bí gééjì ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń gòkè ju ibi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀, rédíétọ̀ ni kí ẹ lọ tún ṣe. Ọ́ìlì tó ki kì í tu omi lára.

Ọ̀ràn tẹmọ́sítáàtì yìí tilẹ̀ burú ju bó ṣe yẹ lọ lọ́dọ̀ wa, torí bí ọkọ̀ bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, yíyọ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ dànù. Ọkọ̀ tí kò ní in á máa tutù jù nígbà ọyẹ́. Omi àti bẹntiróòlù tó ń ta sínú ọ́ìlì, tí ooru ì bá gbẹ dànù, á dúró síbẹ̀. Ẹ ó máa rí nǹkan funfun kan tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí ọ́ìlì. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá tẹmọ́sítáàtì padà kí ẹ tó wá máa ro nọ́ńbà ọ́ìlì, torí nọ́ńbà tí ẹ bá yàn fún ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná tó ti ṣìnà ná.

Ó wá ku àwọn tó sọ nọ́ńbà ara ọmọrí di òfin. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, òfin tí ìjọba ibẹ̀ sì ti ṣe láti 1975 ló ń fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dín epo tí ọkọ̀ wọn ń jẹ kù. Ọ́ìlì tó ṣàn máa ń dín epo kù díẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí ìwé Amẹ́ríkà fi máa ń kọ 5W-20 fún Camry 2007 onílítà 2.4, èyí tí à ń pè ní Muscle, nígbà tí ìwé tí Toyota ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè olóoru máa ń fàyè gba ọ́ìlì tó ki ju ìyẹn lọ fún irú ẹ́ńjìnì kan náà. Nítorí náà, ẹni tó gbé Muscle rẹ̀ sórí 5W-30 ní Zaria kò ṣẹ̀ sí ẹ́ńjìnì. Kódà mo gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá ń gbé e rin ọ̀nà jíjìn ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ pé ẹ́ńjìnì lè gba ọ́ìlì tó ki kò túmọ̀ sí pé ó nílò rẹ̀.

Níbo ni ìmọ̀ràn 20W-50 yìí ti wá gan-an? Èrò mi ni pé Kaduna ló ti wá. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, nǹkan bíi ọgọ́rin kìlómítà sí Hanwa, 504 sì di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ olùkọ́ yunifásítì ní Samaru, àti ọkọ̀ èrò ojú ọ̀nà Kano. Ara 504 ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àgbà ti kọ́ṣẹ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ irin wúwo, ọ̀pá ló ń ti fáàfù, ọwọ́ ni a sì fi ń yí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ààyè. Ọ́ìlì tó ki bá a lára mu, ó ṣì ń bá a lára mu dòní. Ìdí mìíràn tún wà fún ẹni tí 504 rẹ̀ ṣì ń rìn: ìlànà òde òní ti API, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, dín èròjà phosphorus, tó máa ń dáàbò bo irú tápẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, kù nínú 5W-20, 5W-30 àti 10W-30, ṣùgbọ́n kò dín in kù nínú 15W-40 àti 20W-50. Nítorí náà bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ da 20W-50 sínú 504, ẹ má bá a jiyàn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n mú ìmọ̀ 504, wọ́n gbé e sórí Corolla àti Camry tí iṣẹ́ inú wọn yàtọ̀ pátápátá.

Ìyàtọ̀ náà ni pé nínú Toyota tó ní VVT-i, àti nínú Honda tó ní VTEC, ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí a fi ń pa ara irin nìkan. Agbára rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì fi ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà. Ó ń gba ihò tóóró kọjá, ó ń gba asẹ́ kékeré kọjá. Bó bá ki jù, ó ń pẹ́ dé, iná ẹ́ńjìnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ibí yìí náà ni mo ti fẹ́ dáhùn ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ nípa agbára ọ́ìlì. Wọ́n ní ẹ́ńjìnì tó ti jẹra máa ń ní àlàfo nínú bíárìn, pé ọ́ìlì tó ki ló máa dí i, pé ẹ̀rí rẹ̀ sì ni pé gééjì agbára ọ́ìlì máa ń gòkè bí a bá pàrọ̀ sí 20W-50. Lóòótọ́ ló ń gòkè. Ṣùgbọ́n ohun tí gééjì yẹn ń wọ̀n ni bí ọ̀nà ṣe le fún ọ́ìlì tó. Kò wọn iye ọ́ìlì tó ń kọjá. Ọ́ìlì tó ki á gbé gééjì sókè, síbẹ̀ èyí tó ń dé bíárìn lè dín kù, torí pọ́ǹpù ní fáàfù tó ń dá èyí tó bá pọ̀ jù padà sí ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ́ńjìnì kì í jẹra lójú kan náà. Bíárìn lè ṣì dára nígbà tí ríǹgì ti lẹ̀ mọ́ ara pístìnnì nítorí èédú. Ọjọ́ orí ọkọ̀ kò sọ èyíkéyìí nínú wọn fún wa.

Ohun tó ń sọ ọ́ ni gééjì ọ́ìlì, páálí àti sálẹ́ńsà. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárọ̀ kí ẹ tó tan án. Ẹ fa gééjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọlẹ̀ dópin, ẹ tún fà á. Ẹ da ọ́ìlì sí i títí á fi kan àmì òkè, kó má kọjá rẹ̀. Ẹ kọ iye kìlómítà sínú ìwé kékeré kan tí yóò máa gbé inú ọkọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo ni kí ẹ wò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àlàfo àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó bíi lítà kan. Ìwọ̀n tí Toyota Amẹ́ríkà fi ń mọ ẹ́ńjìnì 2AZ-FE tó ń jẹ ọ́ìlì jù, ìyẹn ẹ́ńjìnì inú Muscle 2007 sí 2009, ni kúọ́ọ̀tì kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lítà kan, láàárín 1,200 máìlì. Bíi àlọ-àbọ̀ mẹ́fà sí Kano láti Zaria nìyẹn. Bí tiyín bá ń jẹ kéré púpọ̀ sí èyí, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà, ọkọ̀ ì báà ti pé ogún ọdún.

Bó bá jẹ́ pé ó ń lọ, ẹ wádìí ibi tó ń gbà. Páálí tí ẹ tẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́jú á fi hàn bóyá ó ń jò, bó bá sì ń jò, síìlì ni ẹ máa pàrọ̀. Bí páálí bá gbẹ, ẹ wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó bá bú jáde ní kété tí ẹ tan ọkọ̀, tó sì dáwọ́ dúró, síìlì fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá ń yọ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́nà, ríǹgì ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọyẹ́ tàn yín jẹ: èéfín funfun tó máa ń jáde ní sálẹ́ńsà láàárọ̀ December, tó sì máa ń pòórá bí ọkọ̀ bá gbóná, omi lásán ni. Ní ti agbára ọ́ìlì, iná pupa tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn ni àmì tó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́ìlì pé, kí mẹkáníìkì sì so gééjì ọwọ́ mọ́ ọn, torí ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ lásán ló bàjẹ́.

Bí ẹ̀rí bá ti jáde pé ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀, tàbí pé agbára rẹ̀ ń lọlẹ̀ nígbà ooru, a lè wá ṣí. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ kọ 5W-20 á lọ sí 5W-30. Èyí tó kọ 5W-30 tàbí 10W-30, bíi ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry tó jáde láàárín 1995 sí 2006, á lọ sí 10W-40 tàbí 5W-40. Èyí tó bá ti wà lórí 10W-40 tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rí sì ń pọ̀ sí i, lè bọ́ sí 15W-40. Ẹ kíyè sára níbí, torí ọ̀pọ̀ 15W-40, tìtorí ẹ́ńjìnì dísù ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí kò bá sí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S lẹ́yìn API lára agolo, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn onítírélà. Lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí SF lára ọ́ìlì, API fúnra wọn ti sọ pé kò yẹ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. SL ti 2001, SM ti 2004 àti SN ti 2010 wúlò fún ọkọ̀ tó ṣáájú ọdún wọn. Kò sì sí ìdí láti tún da agolo oògùn ọ́ìlì sórí gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń mú ọ́ìlì ki ni, ẹ ò sì ní mọ nọ́ńbà tó wà nínú ẹ́ńjìnì yín mọ́.

Ẹnì kan á sọ pé owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé 20W-50 ló rọjú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n 10W-40 lásán, tí kì í ṣe sìǹtẹ́tíìkì, tí ẹ ń pàrọ̀ rẹ̀ lásìkò, dára fún ọkọ̀ àgbà ju sìǹtẹ́tíìkì olówó ńlá tí ẹ ń fà gùn torí pé ó wọ́n. Ní Zaria, ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí àsìkò náà kúrú jù, nítorí eruku tó ń fẹ́ wá láti ìhà Chad ní yanrìn lẹ́búlẹ́bú nínú. Bí fíltà afẹ́fẹ́ bá ti ya tàbí kò jókòó dáadáa, inú ọ́ìlì ni yanrìn ń lọ, kò sì sí nọ́ńbà tó lè gba bíárìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á ní láti ìgbà tí òun ti ra Corolla òun, 20W-50 lòun ń lò, kò sì nọ́ọ̀kì. Mi ò ní pè é ní òpùrọ́, ẹ́ńjìnì Toyota le. Àmọ́ àwọn tí tiwọn nọ́ọ̀kì ti ra ẹ́ńjìnì mìíràn, wọ́n sì gbà pé ayédèrú ọ́ìlì ló fà á. Wọn kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ka àwọn tó yè. Òun náà kò sì wọn epo tó ń jó dànù rí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ìwọ̀n gééjì àti kìlómítà ṣe bíi ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé kan náà. Bí lítà kan bá di ìdajì lítà, ẹ dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ padà sí nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì gun òkè sí i, nítorí ríǹgì ni iṣẹ́ wà. Toyota gan-an, nígbà tí ẹjọ́ 2AZ-FE pọ̀ lọ́rùn wọn, kò ní kí àwọn oníbàárà máa da ọ́ìlì tó ki sí i. Pístìnnì àti ríǹgì ni wọ́n pàrọ̀. Ẹni tí kò tíì rí owó ríǹgì lè máa fi ọ́ìlì kún un díẹ̀díẹ̀, kó sì máa gbé lítà kan sí búùtù, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì gan-an, títí tí owó á fi dé.